Ẹni Tí Yóò Dúró Lẹ́yìn Ìbọn

Kí ògì àárọ̀ tó jinná ní ilé àwọn Ayẹni ní Bódìjà, Tẹjúmọ́lá ti jókòó, ó ti dìde, ó sì ti tún jókòó. Ara rẹ̀ kò gba ìjókòó. Ọjọ́ òní ni yóò gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, Bàbá Àkànó, àgbà alágbẹ̀dẹ tí ń rọ ìbọn ọdẹ ní Ẹlẹ́yẹlé. Ọjọ́ òní kan náà sì ni àwọn aṣòfin láti Àbújá yóò jókòó nínú gbọ̀ngàn kan ní Ring Road, láti gbọ́ ohùn ará ìlú lórí àbá òfin tí yóò ka ìbọn rírọ nínú ilé léèwọ̀.

"Fara balẹ̀ kí o jẹun," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ẹni tí ń fò sókè sódò bí ẹyẹ ẹ̀gà kò lè di ìbọn mú."

"Ẹ ṣé o, Màámi. Ẹ ti gbà pé màá di ìbọn mú lónìí nìyẹn."

"N kò gba nǹkankan. Àpèjúwe ni mo ṣe."

Arábìnrin Adéyínká Ayẹni ti jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ìjẹ̀ṣà ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà sì ni; iṣẹ́ olùkọ́ ni ó gbé òun àti ọkọ rẹ̀ wá sí Ìbàdàn. Nígbà tí Tẹjúmọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ nípa irin àti ẹ̀rọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí ó sì sọ pé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ni òun fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ sí i, Simon, bàbá rẹ̀, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ọmọ náà lọ sí Ẹlẹ́yẹlé. Ìyá ni kò rẹ́rìn-ín. Simon ti di olóògbé báyìí, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sì ti há.

Àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn kì í dá ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àdúrà lásán. Ìbọn tí ọmọ iṣẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ ni yóò yìn ní gbangba, níṣojú ẹgbẹ́. Bí ó bá fẹ́ gbé e lé èjìká, ọ̀gá rẹ̀ yóò dúró lẹ́yìn rẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún, yóò sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀ yóò dúró ní ọwọ́ òsì, yóò ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Bí ìbọn náà bá bẹ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò jọ jẹ ẹ́. Nítorí náà, kò sí ọ̀gá tí í pe iṣẹ́ tí kò pé ní pípé, kò sì sí òbí tí í fi ojú fo àléébù ọmọ rẹ̀. Bí òbí kò bá wá, òmìnira kò sí.

"Màámi, ẹ̀yin nìkan ló kù," ni Tẹjúmọ́lá wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá dúró lẹ́yìn mi. Bí òfin yìí bá jáde kí wọ́n tó dá mi sílẹ̀, ta ni yóò mọ̀ mí ní alágbẹ̀dẹ? Àwọn tí ẹgbẹ́ ti dá sílẹ̀ nìkan ni Ọ̀gá lè bá tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba."

"Ṣé kí n fi ẹnu mi bẹ àwọn aṣòfin ní òwúrọ̀ pé kí wọ́n fi òfin de ìbọn, kí n wá fi ọwọ́ mi ti ìbọn lẹ́yìn ní ìrọ̀lẹ́? Ìwọ náà gbọ́ ohun tí o ń sọ."

"Ìbọn ọdẹ ni tèmi. Ti olè kọ́."

"Èyí tí ó fọ́ Ayọ̀kúnnúmi lójú ńkọ́, ṣé ó kọ́kọ́ sọ ti ẹni tí òun jẹ́ ni?"

Olùkọ́ ni Ayọ̀kúnnúmi, abẹ́ ìyá Tẹjúmọ́lá ni ó sì ti ṣiṣẹ́. Ó ń dúró de ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde ní Challenge nígbà tí àwọn olè ya bo ibùdókọ̀. Ọ̀kan nínú wọn yin ìbọn ìléwọ́ àgbélẹ̀rọ, ìbọn náà bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, èérún irin sì fò wọ ojú olùkọ́ náà. Ojú ọ̀tún rẹ̀ kò ríran mọ́. Títí di òní, kò sí ẹni tí ó mọ ẹni tí ó rọ ìbọn náà.

"Mo sì rí ọ," ni ìyá rẹ̀ tẹ̀ síwájú, "tí o ń fi ẹsẹ̀ wọn yàrá tí ó wà lẹ́yìn ilé yìí. Mo mọ ohun tí o fẹ́ gbé síbẹ̀. Bí mo bá ṣì wà láyé, a kò ní rọ irin nínú ọgbà tí mo gbin òdòdó sí. Mu ògì rẹ, ó ti ń tutù."

Ọmọ mu ògì. Ó gbóná ju bí ìyá ti wí lọ.

*

Ní Ẹlẹ́yẹlé, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì tí àwọn alágbẹ̀dẹ háyà ti kún dẹ́nu, ariwo inú rẹ̀ sì ti ju ti ẹ́ńjìnnì lọ. Mùsílímátù, ìyàwó Bàbá Àkànó, ni ó jókòó síwájú tí ó ń lé orin. Ó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ hun orin náà ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ náà, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì í kọ.

"Ẹ má tilẹ̀kùn mọ́ wa o!" ni ó lé e.

"Àwa la rọ kọ́kọ́rọ́!" ni gbogbo ọkọ̀ gbè é.

Tẹjúmọ́lá sáré bá ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ. Lẹ́yìn bàbá náà, lórí àga gígùn, ìbọn tí Tẹjúmọ́lá fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ wà nínú aṣọ funfun tí wọ́n fi wé e. Ó na ọwọ́ sí i.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká mú un dání. Kí àwọn aṣòfin fi ojú ara wọn rí iṣẹ́."

Bàbá Àkànó wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ adìyẹ kì í há adìyẹ mọ́ abíyá lọ sí kóòtù. Bọ́ sínú ọkọ̀."

Ẹ̀rín bú jáde. Bí ọkọ̀ ti ń gbéra, Mùsílímátù yí orí padà. "Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé a ó yà gbé wọn ni?"

"Wọ́n ti wà lọ́nà, Ìyá. Ṣùgbọ́n... ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ òfin ni wọ́n máa jókòó sí."

"Yéè! Ọmọ Òṣómàáló! Ìyá ń lé wa jáde, ọmọ ń wọlé tọ̀ wá! Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ará inú ọkọ̀, àna wa ni ọ̀tá wa!"

"Fi ọmọ náà sílẹ̀," ni Bàbá Àkànó wí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ sí Tẹjúmọ́lá. "Ṣé wọn yóò wá ní ìrọ̀lẹ́?"

"Wọ́n ní àwọn kò ní wá."

Àgbàlagbà náà mi orí díẹ̀díẹ̀. "Èmi fẹ́ dá ọ sílẹ̀, ìwọ náà mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá yọ ẹsẹ̀ kan kúrò nínú àṣà yìí nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ, ta ni yóò gba èyí tó kù gbọ́?"

*

Gbọ̀ngàn náà kún débi pé àwọn ènìyàn ń yọ orí wọlé lójú fèrèsé. Ní apá ọ̀tún ni àwọn tí ó fẹ́ òfin jókòó sí: olùkọ́, àlùfáà, àwọn ìyá ìjọ àti àwọn oníṣòwò láti Dùgbẹ̀. Ní apá òsì ni àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn ọdẹ wà. Ọlọ́lá Ṣèyífúnmi Ọlọ́runtóyìn, obìnrin aṣòfin tí ó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ náà, gbá òòlù onígi kékeré rẹ̀ mọ́ tábìlì kí gbogbo ẹnu lè dákẹ́.

"Ẹ̀yin ará ilé mi!" ni Mùsílímátù ké. "Obìnrin yẹn náà ń lo òòlù! Ẹ wo bó ṣe kéré!"

"Mo gbọ́ yín o, Màmá," ni alága dáhùn. "Òòlù tèmi kì í rọ nǹkankan, ariwo ló ń pa. Ẹ jẹ́ kó pa tirẹ̀ kí ẹ tó pa tiyín."

Wọ́n ka àbá òfin náà sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rọ ìbọn, tàbí kí ó tún un ṣe, nínú ilé gbígbé tàbí nínú àgbàlá rẹ̀. Ibi tí ìjọba bá yàn nìkan ni a ó ti máa ṣe é, pẹ̀lú àṣẹ. Àwọn ará ọ̀tún pàtẹ́wọ́, àwọn ará òsì kùn bí oyin. Nígbà náà ni wọ́n pe Arábìnrin Ayẹni.

Ó dìde nínú aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run, pẹ̀lú fìlà tí ó máa ń dé lọ sí ilé ìsìn. Kò mú ìwé kankan dání. Ohùn tí ó ti fi pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ kíláàsì lẹ́nu mọ́ láyé àtijọ́ ni ó fi bẹ̀rẹ̀, gbọ̀ngàn sì pa rọ́rọ́.

"Ẹ̀yin aṣòfin, bí aṣọ bá ya mọ́ wa lára, a mọ télọ̀ tí ó rán an. Bí ògiri bá wó, bíríkìlà ni a kọ́kọ́ ń wá. Ìbọn tí ó fọ́ olùkọ́ mi lójú ní Challenge, ta ni a wá? A wá títí, a kò rí ẹnikẹ́ni. Inú yàrá kan ni wọ́n ti ṣe é, ilẹ̀kùn ní títì, fèrèsé ní títì. Ẹni tí ó rọ ọ́ kò yìn ín wò. Ìyá tí ó bí i kò mọ̀."

"Òótọ́ ni!" ni ẹnì kan ké. Tẹjúmọ́lá yí ojú padà, ó sì rí i pé alágbẹ̀dẹ ni ẹni náà.

"N kò sọ pé kí ọdẹ má ní ìbọn. Ọdẹ ni bàbá tí ó bí bàbá mi. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí òfin yìí fa iṣẹ́ náà jáde kúrò nínú òkùnkùn." Ọ̀rọ̀ ti ń gbóná mọ́ ọn lẹ́nu, ó ti na ọwọ́ sókè. "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tí ó bá rọ ìbọn, òun ni yóò kọ́kọ́ yìn ín níṣojú ènìyàn. Kí àwọn tí ó bí i sì dúró tì í! Ẹni tí ojú bá ń ti ìyá rẹ̀ láti dúró tì í lójúmọmọ, kí ó má ṣe fọwọ́ kan irin!"

Gbọ̀ngàn bú gbàù. Àwọn ará ọ̀tún pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn ará òsì ni wọ́n dìde dúró, tí wọ́n ń ju fìlà sókè. Mùsílímátù ti gun orí àga. "Ẹ gba ọ̀rọ̀ yẹn kí ó má bọ́ sílẹ̀! Ìyá Tẹjú, ẹnu yín kò ní kan!"

Arábìnrin Ayẹni kọ́kọ́ wò wọ́n tìyanutìyanu. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ojú ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ tí ó nà sókè dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni pé kò mọ ọ̀nà ilẹ̀ mọ́. Ó jókòó.

"Ọ̀rọ̀ yìí rú mi lójú," ni alága wí lẹ́yìn tí òòlù rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ pẹ́. "Ẹni tó fẹ́ lé yín kúrò nílé ni ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún?"

Bàbá Àkànó ni ó dìde. "Ọlọ́lá, mo múra ìjà wá síbí. Ọ̀rọ̀ tí mo tò sẹ́nu láti òwúrọ̀, ìyá yìí ti gbà á sọ, ó sì sọ ọ́ jù mí lọ. Àṣà wa ni ó kà fún yín yẹn. Àwọn tí ń há ara wọn mọ́ yàrá láti ṣe ìbọn fún olè, àwa náà ni wọ́n ń bà jẹ́. Bí ọlọ́pàá bá ń wá wọn, ilẹ̀kùn tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ ń kàn. Ẹ lé wa kúrò nílé bí ẹ bá fẹ́. Ẹ fi ibì kan hàn wá, a ó kó lọ síbẹ̀. Ẹ ṣáà má lé wa kúrò nídìí owú. Irin tí a ń lù lórí rẹ̀, orí rẹ̀ náà ni wọ́n ti lù ú fún àwọn tí ó bí wa."

"Ṣé òótọ́ ni pé òbí máa ń dúró lẹ́yìn ọmọ nígbà tí ìbọn bá ń dún?"

"A ó dá ọmọ iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ òní, ní pápá tí ó wà lẹ́yìn omi Ẹlẹ́yẹlé. Ọlọ́pàá ti fọwọ́ sí i. Ẹ wá fi ojú yín rí i."

"Ta ni ọmọ iṣẹ́ náà?"

Tẹjúmọ́lá dìde. Ẹnu ya gbogbo apá ọ̀tún.

"Obìnrin ni?" Alága yọ awò ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ta ni yóò dúró fún ọ láti ilé?"

Gbogbo àwọn alágbẹ̀dẹ ni ó mọ̀. Tẹjúmọ́lá kò wo ibi tí ìyá rẹ̀ jókòó sí. "N kò tíì mọ̀, Mà," ni ó wí.

Nígbà tí yóò fi tún gbé ojú sókè, àga ìyá rẹ̀ ti ṣófo.

*

Pápá náà tẹ́ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, òkìtì iyẹ̀pẹ̀ gíga kan sì wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ tí ọta yóò wọ̀ sí. Àwọn ọlọ́pàá ti yí i ká. Alága dé pẹ̀lú méjì nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ rẹ̀, bàtà gogoro rẹ̀ sì ń rì sínú koríko. Gbogbo nǹkan ti pé àfi ẹnì kan.

"Ọkọ̀ wọn ńkọ́?" ni Mùsílímátù ń bi gbogbo ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. "Ẹ kò rí ọkọ̀ pupa àtijọ́ kan lọ́nà?"

"Ọ̀nà Dùgbẹ̀ dí pátápátá," ni ọdẹ kan dáhùn. "Ọkọ̀ kankan kò mira níbẹ̀."

Oòrùn ti ń sún mọ́ omi. Ọlọ́pàá tí ó jẹ́ olórí wọn fi ìka gbá aago ọwọ́ rẹ̀: àṣẹ tí wọ́n fún wọn kò kọjá ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Bàbá Àkànó tú aṣọ funfun náà, ó wo ìbọn, ó sì tún un wé. Tẹjúmọ́lá gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tí ó ń sọ pé, "Kò burú, Ọ̀gá. Ọdún mìíràn."

Nígbà náà ni wọ́n gbọ́ alùpùpù kan. Ó ń bọ̀ wá lórí ilẹ̀ gbágungbàgun, eruku ń sọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí ó sì jókòó sẹ́yìn ń fi agboòrùn lu ọlọ́kadà lẹ́yìn.

"Mo ní kí o rọra! Ṣé o kò gbọ́ Yorùbá ni?"

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ní kí n sáré!"

"Kí o sáré, kí o sì rọra!"

Arábìnrin Adéyínká Ayẹni ni, obìnrin tí ó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kìlọ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà. Fìlà rẹ̀ ti wọ́ sí etí òsì, eruku sì ti sọ aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run di aláwọ̀ ilẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ hó yèè. Mùsílímátù ni ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì dì mọ́ ọn, eruku àti gbogbo rẹ̀.

"Àna wa ti dé! Ọ̀tá wa ti gun ọ̀kadà!"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mí." Ó tún fìlà rẹ̀ tò, ó sì kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ sí ilé epo kan ní Dùgbẹ̀. Mo ti fi ẹnu mi sọ ọ́ níwájú ìjọba, n kò sì lè jẹ́ kí wọ́n máa fi mí ṣe àpẹẹrẹ ẹni tí ń wí èyí tí kò lè ṣe." Ó tọ́ka sí ìbọn inú aṣọ funfun náà. "Ṣùgbọ́n kí n tó dúró, dá mi lóhùn. Ṣé ìbọn yìí pé? Bí nǹkankan bá wà tí kò dá ọ lójú níbẹ̀, sọ ọ́ nísinsìnyí. Kò sí ìtìjú nínú kí á padà sílé."

Tẹjúmọ́lá wò ó. Gbogbo ìfòsókè-sódò òwúrọ̀ ti kúrò lára rẹ̀. "Bí kò bá pé, Màámi, n kò ní jẹ́ kí ẹ gbé ọwọ́ lé mi."

"Ó tó."

Wọ́n tò. Bàbá Àkànó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e ní ọ̀tún, ìyá rẹ̀ gbé e lé e ní òsì. Tẹjúmọ́lá gbé ìbọn lé èjìká. Afẹ́fẹ́ láti orí omi fẹ́ sí i lójú. Ó yìn ín.

Ìbọn dún! Ilẹ̀ gbà á, omi gbà á, àwọn ẹyẹ lékeléke sì fò dìde bí aṣọ funfun tí ẹnì kan gbọ̀n. Èéfín bo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí ó mí nínú pápá, títí èéfín fi ká, tí wọ́n rí wọn: ènìyàn mẹ́ta lórí ìdúró, ojú pé, ọwọ́ pé. Bàbá Àkànó gba ìbọn náà, ó fi ọwọ́ ra á láti ìdí dé ẹnu, ó sì gbé e sókè.

"Ó pé!"

Orin kọ́kọ́rọ́ bú jáde láti gbogbo ìhà, alága pàápàá sì ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ sí i. Ìyá Tẹjúmọ́lá nìkan ni kò mira. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ọmọ rẹ̀.

"Ó ti parí, Màámi. Ẹ lajú."

Ó la ọ̀kan, ó sì la èkejì. "Ó ti dún? N kò rí i. Bàbá Àkànó, ẹ ní kó tún un yìn."

"Ẹ̀ẹ̀kan ni àṣà wí, Ìyá Tẹjú."

"Mo dijú ni!"

Ẹ̀rín pa alága débi pé ó di ọlọ́pàá mú. "Màmá, kí ni kí n wá kọ sínú òfin báyìí?"

"Ẹ kọ ohun tí mo sọ. Ọ̀rọ̀ mi kò yí padà. Kí ó má ṣe sí nínú ilé, kí òbí sì dúró tì í." Ó ronú díẹ̀. "Kí ó sì lajú."

Tẹjúmọ́lá kúnlẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ súre fún un, ó sì fi owú kékeré tuntun lé e lọ́wọ́ níwájú gbogbo ẹgbẹ́: ó ti gba òmìnira. Nígbà tí àwọn ènìyàn ti ń wọ ọkọ̀, ìyá rẹ̀ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fi aṣọ ìnujú nu èéfín kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Níbo ni o wá fẹ́ gbé owú rẹ sí báyìí, alágbẹ̀dẹ?"

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Tẹjúmọ́lá tó rí ohùn fi dáhùn. "Ibi tí òfin bá yàn, Màámi."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Títí wọn yóò fi yàn án, o lè gbé e sí yàrá ẹ̀yìn ilé."

Tẹjúmọ́lá fò sókè, ó kígbe, ó sì gbé ìyá rẹ̀ kúrò nílẹ̀ pátápátá.

"Sọ̀ mí kalẹ̀! Gbígbé ni mo wí!" ni Arábìnrin Ayẹni ń ké láti òkè, ó ń fi ọwọ́ kan di fìlà rẹ̀ mú. "N kò sọ pé kí o lu nǹkankan lórí rẹ̀!"